Igi Tó Tọ́ Kì Í Pẹ́ Nígbó: Yíyan Igi àti Títọ́jú Pákó fún Ọkọ̀ Ojú Omi

  

Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín: kí ló kan ará Ìpàpó ní Òkè-Ògùn pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi? Ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti tábà la fi mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọkọ̀ lóòótọ́. Igbá ni wọ́n fi ń sọdá odò Ògùn nígbà tó bá kún. Àwọn arìnrìn-àjò tó gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ròyìn rẹ̀: ẹni tó fẹ́ sọdá á di igbá ràgàjì mú, òmùwẹ̀ á sì máa tì í lọ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀ ní òdìkejì. Ọgbọ́n ni. Odò tó kún lójò tó sì fà lẹ́ẹ̀rùn, ta ni yóò torí rẹ̀ gé igi ńlá lulẹ̀?

Ìsédò Ìkéré Gorge ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ọdún 1982, nígbà ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, ni wọ́n dáwọ́ lé e ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ìsédò oníyẹ̀pẹ̀ tó lè gba omi tó mílíọ̀nù 690 kúbíkì mítà. Iná mànàmáná tí wọ́n ṣèlérí, ọ̀pọ̀ ọdún ni Òkè-Ògùn ti fi ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n adágún náà kò retí ẹnikẹ́ni. Ó kún, ẹja wọ inú rẹ̀, apẹja sì tẹ̀lé ẹja. Ọkọ̀ onígi ni wọ́n ń wà lórí rẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ti ń kọ́ bí a ti ń kàn án. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá.

Ohun tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ. Igi tó le jù kọ́ ni igi ọkọ̀ tó dára jù. Igi tó bá omi rẹ àti iṣẹ́ rẹ mu, tí o sì ní sùúrù fún títí tó fi gbẹ dé ìwọ̀n, òun ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ káfíńtà wa ti ń ṣubú kì í ṣe ìdí òòlù. Kí wọ́n tó kan ìṣó àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà ti bàjẹ́.

Ẹni tó bá ń rò pé ọkọ̀ kì í ṣe ohun ọ̀dàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Dufuna fún un. Ní 1987, darandaran kan ń gbẹ́ kànga nítòsí abúlé tó ń jẹ́ Dufuna, ní ibi tó wà ní Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ni irinṣẹ́ rẹ̀ bá kọlu igi nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wa àti àwọn ará Jámánì fi máa wà á jáde tán lọ́dún 1998, odindi ọkọ̀ ni. Gígùn rẹ̀ tó mítà 8.4, ìbú rẹ̀ tó ìdajì mítà, ara rẹ̀ kò sì nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Kò sí ọkọ̀ tó dàgbà jù ú lọ tí a tíì rí nílẹ̀ Áfíríkà. Igi ìdílé ọ̀gànwó ni wọ́n ní wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ìdílé kan náà tó ní ọmọ lẹ́bàá àwọn odò wa níhìn-ín.

Kí ló pa á mọ́ láti ìgbà náà? Amọ̀ ló bò ó, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè dé ara rẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ ìjẹrà igi nìyẹn. Olú wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò rí ló ń jẹ igi, omi àti afẹ́fẹ́ pa pọ̀ ni wọ́n sì fi ń gbé. Igi tó wà lábẹ́ omi tí kò jáde rárá kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Igi tó gbẹ, tí omi inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú 100, òun náà kì í jẹrà. Èyí tó tutù lónìí tó gbẹ lọ́la ni oúnjẹ wọn. Ẹ lọ wo ọkọ̀ èyíkéyìí tó ti pé ọdún mélòó kan létí omi: inú ìdí rẹ̀ níbi tí omi òjò ń dágún sí, ojú ìlà tí omi ń lá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ìṣó, àti orí pákó níbi tí ayùn ti gé e. Ẹ fi ọ̀bẹ gún ibẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, ẹ ti rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará Èkó àti Ìlàjẹ ní ọ̀tá mìíràn, kòkòrò inú omi iyọ̀ tó ń lu igi ní ihò láti inú wá. Omi Ìkéré kò níyọ̀, ẹ̀dá yẹn kò sí níbẹ̀. Ikán ni ọ̀tá tiwa. Ẹni tó bá wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, tí kò fi òkúta gbé ìdí rẹ̀ sókè, ikán ló kan ọkọ̀ fún.

Igi wo wá ni ká yàn? Bí ẹ bá bi àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà, apá ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ, tàbí ìrókò. Fún ilẹ̀kùn, wọn kò jayò pa. Ilẹ̀kùn apá ń pẹ́ ju ẹni tó kàn án lọ. Fún ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò ná. Ọkọ̀ pákó tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ tó mítà kan, tí ìdí rẹ̀ nípọn ní íńṣì kan, yóò gba igi tó tó ìdá kan nínú márùn-ún kúbíkì mítà, àti egungun rẹ̀. Kúbíkì mítà apá gbígbẹ kan wọn tó nǹkan bí 800 kílò. Ọkọ̀ apá di 160 kílò nìyẹn, kí èèyàn tó wọ̀ ọ́, kí àwọ̀n tó wọ̀ ọ́, kí ẹja tó dé. Ọ̀gànwó inú igbó kìjikìji wọn tó nǹkan bí 530 ní kúbíkì mítà, ọkọ̀ rẹ̀ yóò tó 106 kílò. Arère kò ju nǹkan bí 380 lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ kò ní ju 76 kílò. Adágún ìsédò kì í sì dúró lójú kan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, omi á fà sẹ́yìn, apẹja á máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ́ ọkọ̀ lórí ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ọkùnrin méjì lè gbé ọkọ̀ arère. Ti apá ń fẹ́ mẹ́rin, wọn yóò sì máa ṣépè.

Ẹ má torí pé mo dárúkọ ìwọ̀n wá gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Igi kan náà, bó bá hù lórí àpáta ó máa ń wúwo ju èyí tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò lọ, ọ̀gànwó ọ̀dàn tiwa sì wúwo ju ti inú igbó kìjikìji lọ dáadáa. Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ gé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára pákó tó ti gbẹ, tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ẹ pín in sí ọgbọọgba mẹ́wàá, kí ẹ fi bírò fa ìlà sí i. Ẹ fi í sínú ìgò omi tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀, kí ó lè léfòó ní òòró. Ìlà tí omi dé ni ìwọ̀n igi yín. Arère á rì dé nǹkan bí ìlà kẹrin, ọ̀gànwó inú igbó á dé ìkarùn-ún tàbí kí ó fi díẹ̀ lé, ìrókò á kọjá ìkẹfà, apá á dé ìkẹjọ. Èyí tó bá sún mọ́ ìkẹwàá, irú àyìn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń kan afárá.

Àwọn ará Ghana ti fi arère dá wa lóhùn tipẹ́. Wawa ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ gbọọrọ tí àwọn apẹja wọn fi ń bá òkun Àtìláńtíìkì jà, arère ni wọ́n gbẹ́ ẹ lára rẹ̀. Inú igbó Ashanti àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti ń gé e, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè fúyẹ́, kí wọ́n tó gbé e lọ sí etíkun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo igi tí mo dárúkọ, arère ló máa ń tètè jẹrà jù bí a bá gbé e sí òjò. Ìmọ́tótó ni wọ́n fi ń ra ẹ̀mí fún un: wọ́n ń gbọ́n omi inú rẹ̀, wọ́n ń kùn ún, wọ́n sì ń yọ ibi tó bá jẹrà wọ́n ń lẹ òmíràn mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó má kan ọkọ̀ arère. Àràbà náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọpọ́n nílẹ̀ Adúláwọ̀ ló jẹ́ àràbà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn.

Èrò tèmi rèé fún adágún Ìkéré: ìdí ọkọ̀ kí ó jẹ́ ọ̀gànwó tàbí ìrókò, nítorí ìdí ló ń wọ́ lórí òkúta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó jẹ́ igi tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tííkì dára fún gbogbo rẹ̀, bí a bá rí èyí tó dàgbà. Láti ayé amúnisìn ni wọ́n ti ń gbin ín ní Olókèméjì, létí odò Ògùn yìí kan náà. Tííkì ọmọdé kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, ara funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mẹ̀láínà náà kò burú fún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó fúyẹ́, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ká kò. Ní ti ìrókò, ẹ ṣọ́ ayùn yín, nítorí òkúta máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Olúwéré, iwin inú ìrókò, kọ́ ni mo ń sọ o. Igi náà fúnra rẹ̀ ló ń pọn ẹfun jọ sínú ara rẹ̀ títí tí yóò fi le gbagidi, mo sì ti rí eyín ayùn tó ṣẹ́ lórí rẹ̀.

Bí igi bá ṣì wà lóòró, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ wo ìlà ara èèpo rẹ̀. Bí ìlà náà bá ń lọ yípo igi bí okùn lílọ́, pákó rẹ̀ yóò lọ́, kò sí ohun tí ẹ lè fi dá a dúró. Bí igi bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìhà kan ara rẹ̀ ti ń fa èkejì láti ìgbà èwe. Ọjọ́ tí ayùn bá là á ni pákó yóò tẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn àáké lù ú yí ká. Igi tó gbó tó sì dá ṣáká yóò dún kó, èyí tó ti ní ihò nínú yóò dún bùù. Bí wọ́n bá ti gé e, ẹ má gba pákó tó bá ti àárín gbùngbùn rẹ̀ wá. Ọkàn igi ńlá sábà máa ń rún, ó sì máa ń ṣẹ́ láìfọhùn. Ẹ má sì gba ara funfun tó wà lábẹ́ èèpo, kódà bó jẹ́ ìrókò. Oje igi àti ìyẹ̀fun tí kòkòrò ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Inú igi tó pọ́n tàbí tó dúdú ni ọkọ̀.

Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó, òótọ́ ni, gbogbo onígẹdú ló ń wá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kan ọkọ̀ ní ọjà mìíràn tí wọn kì í bá a dù. Egungun ọkọ̀, èyí tó tẹ̀ láti ìdí lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí a bá gé e lára pákó gígún, yóò ṣẹ́ níbi tí ó ti tẹ̀, nítorí ìlà ara igi ti já níbẹ̀. Ẹ̀ka tó tẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tí ẹ̀ka ti pàdé ara igi, ibi tí gbòǹgbò ti yà, ìyẹn ni ó le jù. Ohun tí àwọn elédùú ń sun nìyẹn. Ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó ṣáná sí i, ẹ ó rí egungun ọkọ̀ rà ní owó pọ́ọ́kú.

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní gé igi, ọjà pákó ni ẹ ó lọ. Ẹ mú téèpù yín dání. Pákó tí wọ́n ń pè ní íńṣì kan kì í sábà pé íńṣì kan mọ́, gbogbo wa la mọ̀, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹ wo orí pákó níbi tí ayùn ti gé e: bí ìlà ọdún igi bá dúró lóòró, tàbí tó sún mọ́ ọn, pákó náà kò ní fẹ̀ púpọ̀ nígbà tó bá mumi. Bí ìlà bá sùn sílẹ̀ gbalaja, ó máa ń wú ní ìlọ́po méjì. Gígùn pákó ọjà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12; ọkọ̀ mítà 5 ju 16 lọ. Ẹ bẹ sọ́míìlì kí wọ́n là á gùn fún yín, tàbí kí ẹ fi pákó méjì gorí ara wọn ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù mú wọn. Ìdàgẹ̀rẹ̀ náà kí ó gùn ní ìlọ́po mẹ́jọ nínípọn pákó: íńṣì kan, íńṣì mẹ́jọ. Ìrókò àti tííkì ní òróró lára, gọ́ọ̀mù kì í mú wọn dáadáa. Ẹ fi tínà nù wọ́n kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i.

Ìgbà gbígbẹ ni ọ̀rọ̀ le jù ní Òkè-Ògùn, nítorí ọyẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà tó dára jù láti gé igi, láti oṣù Kọkànlá lọ. Àmọ́ ọyẹ́ kan náà á gbẹ ojú pákó kí inú rẹ̀ tó mọ̀ pé òjò ti lọ. Ojú á fẹ́ kó ara jọ, inú kò ní gbà, pákó á sì là. Orí rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde kíákíá jù. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá là á, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fi ọ̀dà kun orí méjèèjì. Ọ̀dà èyíkéyìí tó kù nílé ti tó. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kalẹ̀ kí pákó ga tó ìdajì mítà sí ilẹ̀ nítorí ikán. Ẹ tò wọ́n, kí igi pẹlẹbẹ íńṣì kan wà láàárín pákó àti pákó, ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì, kí igi pẹlẹbẹ náà dúró lórí ara wọn gẹ́lẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí wọn kò bá bára mu, pákó á tẹ̀ láàárín wọn. Ẹ fi òkúta tẹ òkè. Abẹ́ òrùlé ni o, kì í ṣe inú oòrùn. Bí ọyẹ́ bá sì le, ẹ ta àpò sí ìhà tí ó ti ń fẹ́ wá. Pákó íńṣì kan lè gbà tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ má fi ọwọ́ pa á kí ẹ ní ó ti gbẹ. Ẹ gé ègé kékeré láti àárín pákó, kì í ṣe láti orí. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta ata lílọ̀. Ẹ gbé e sínú ààrò búrẹ́dì lẹ́yìn tí iná ti rọlẹ̀, kí ó gbẹ láìjó, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ dá a padà, títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi yẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ gírámù 230 tẹ́lẹ̀ tó wá di 200, omi tó jáde jẹ́ 30. Ẹ fi 200 pín 30, ìdá 15 nínú 100 ni. Ìwọ̀n tí a ń wá fún ọkọ̀ pákó nìyẹn, nǹkan bí 15.

Ẹ fetí sí èyí, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà Òkè-Ògùn wà. Gbígbẹ lè pọ̀ jù. Bí ẹ bá kan ọkọ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, tí pákó ti gbẹ dé ìdá 10, tí ẹ sì pa wọ́n pọ̀ fún-fún kí omi má wọlé, pákó ọ̀gànwó tó fẹ̀ ní íńṣì 12, tí ìlà rẹ̀ sùn sílẹ̀, yóò fẹ̀ sí i bí ìdajì íńṣì nígbà tó bá mumi yó. Pákó mẹ́ta nínú ìdí ọkọ̀, íńṣì kan àti ààbọ̀. Níbo ni yóò gbà? Yóò wú sókè, yóò fa ìṣó yọ, tàbí kí ó fọ́ egungun. Àwọn èèyàn á ní káfíńtà ni kò mọṣẹ́. Pákó tó fẹ̀ ní íńṣì 6, tí ìlà rẹ̀ dúró, tí a fi àlàfo tínrín sílẹ̀ láàárín wọn tí a sì ki òwú sí i, ló ń gba èèyàn sílẹ̀.

Ọkọ̀ ọpọ́n yàtọ̀. Tútù ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, nígbà tí igi ṣì rọ̀, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ewé. Igi tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ní kó kọ́kọ́ gbẹ, ọmọ yín ni yóò gbẹ́ ẹ.

Ọ́ìlì mọ́tò tó ti jó tí àwọn kan ń kùn sára ọkọ̀, mo fẹ́ kí ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ó ń lé ikán díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí ẹ̀yin àti ẹja ń mu ni yóò já sí. Ẹ fi ọ̀dà gidi kun ún lẹ́yìn tó bá gbẹ, kí ẹ sì tún un kùn lọ́dọọdún. Ìṣó dúdú lásán kò yẹ inú apá àti ìrókò. Oje wọn ń jẹ irin. Èyí tí wọ́n fi sínkì bò ni kí ẹ rà.

Ó kù díẹ̀ kí n jókòó. Igi ńlá tí mo ń sọ yìí kò pọ̀ mọ́. Èédú ti kó apá àti àyìn, àwọn oníṣòwò sì kó òsùn dúdú tí wọ́n ń pè ní rosewood lọ sókè òkun, débi pé láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé CITES kò ti fàyè gba títà á sókè òkun mọ́ láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin tó ń pẹja ní Ìkéré, ẹ rántí pé ọgbà ìjọba àpapọ̀ láti 1991, Old Oyo National Park, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Igi inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni láti gé. Igi tí ẹ bá sì gé níta rẹ̀, ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ ẹ̀ka igbó ti ìpínlẹ̀, kí wọ́n fi òòlù ìjọba lù ú, nítorí gẹdú tí kò ní àmì lè sùn sójú ọ̀nà.

Kábíyèsí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi ń kúrò níwájú yín. Kí ìlú ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún tííkì àti ọ̀gànwó, etí odò fún ọ̀gànwó, orí ilẹ̀ tó ga fún tííkì. Iléeṣẹ́ ìwádìí igbó FRIN ti wà ní Ìbàdàn láti 1954, wọ́n sì mọ bí a ti ń gbin wọ́n. Yóò gbà tó 30 ọdún kí tííkì tó tó kàn. Ẹ jẹ́ ká gbin ín kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó lọ.